Èéfín Tí Ojú Kò Rí

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín ni ìwà. Bí ènìyàn fi igbá bò ó mọ́lẹ̀, yóò wá ọ̀nà jáde. Èéfín igi ìdáná ni wọ́n fojú rí kí wọ́n tó pa òwe náà. Ṣùgbọ́n èéfín mìíràn wà nínú afẹ́fẹ́ ìlú ńlá lónìí tí ó mọ bí a ti í fi ara pamọ́. Eruku kíkúnná ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5. Ìbú ẹyọ rẹ̀ kan kò ju ìdá kan nínú ogún ìbú fọ́nrán irun orí lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ni í lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín bo ìlú Lọ́ńdọ̀nù mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìṣirò àkọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó bá a lọ. Ìṣirò ẹ̀yìn ọ̀la sọ pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò ṣòro láti mọ ọ̀daràn nígbà náà: èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé àti ní ilé iṣẹ́ ni. Nígbà tí ó di ọdún 1956, ìjọba ṣe òfin láti dín in kù.

Ọ̀ràn Èkó kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ti mú kí nǹkan bí 11,200 ènìyàn kú láìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018, àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ta ni kí a mú? Onímọ́tò a ní ẹ̀rọ amúnáwá ni. Onílé a ní àkìtàn tí ń jó ni. Ẹlòmíràn a nawọ́ sí obìnrin tí ń yan ẹja. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, gbogbo wọn a di ẹ̀bi ru eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chad.

Kí ìjà má baà di ti ẹnu lásán, àwọn onímọ̀ a máa gbé asẹ́ sí ojú afẹ́fẹ́. Wọn a wọn eruku tí ó bá mọ́ ọn lára, wọn a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti ń sọ ìran ènìyàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni èéfín kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Eruku ilẹ̀ a ní sílíkọ́nì àti alumíníọ̀mù nínú. Igi tí ó jóná a fi irú ṣúgà kan tí ń jẹ́ levoglucosan sílẹ̀. Epo rọ̀bì líle tí ọkọ̀ ojú omi ń jó a fi vanadium àti nickel sílẹ̀, òkun a sì mú iyọ̀ tirẹ̀ wá.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò dé. Alásè tí ó mọṣẹ́ lè tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó sì mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ jù, irú kò tó. Ní ọdún 1994, Pentti Paatero àti Unto Tapper ní ilẹ̀ Finland gbé ọ̀nà kan jáde tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà a wo àbọ̀ ọjọ́ púpọ̀. Àwọn èròjà tí ó ń pọ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń dín kù pọ̀, ni yóò kà sí ọmọ ìyá kan. Yóò wá wá ìwọ̀n ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àròpọ̀ wọn yóò fi súnmọ́ ohun tí asẹ́ mú.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ. Ènìyàn ni ó ń sọ ìpín kan ní ti igi, tí ó ń sọ èkejì ní ti òkun. Bí èéfín méjì bá jọ ara wọn, bí ti ọkọ̀ akẹ́rù àti ti ẹ̀rọ amúnáwá tí ń jó epo dísẹ́ẹ̀lì kan náà, ìṣirò lè pè wọ́n ní ọ̀kan. Nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń ti ìdí ọ̀ràn náà bọ̀: wọn a ka ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, wọn a ṣírò epo tí wọ́n ń jó, wọn a sì tẹ̀lé ipa ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì bá ti pàdé, ọkàn lè balẹ̀ síbẹ̀; ibi tí wọ́n bá ti yà, àfi kí wọ́n padà lọ wò ó.

Kì í ṣe eré ìwé ni iṣẹ́ yìí. Bí aláṣẹ bá lé obìnrin ẹlẹ́ja kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò ni ó dá ọ̀ràn púpọ̀ jù, oúnjẹ yóò tán nínú ilé rẹ̀, ikọ́ ọmọ rẹ̀ kò sì ní dá. Òfin kò lè di afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó lè dé orí epo, ẹ̀rọ àti àkìtàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí yóò sì wo àrùn méjèèjì sàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí í ṣe ẹ̀tẹ̀ nínú wọn.