Ẹsẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ n'Íbàdàn rí mọ̀ pé òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò wọ́n níbẹ̀. Lọ́dún 1986, ọmọ onílẹ̀ kan mú mi lọ wo púlọ́ọ̀tì. Kò mú téèpù lọ́wọ́. Ó kàn ń gbé ẹsẹ̀, ó ń kà á, títí ó fi dé ìdí ọ̀pẹ kan nísàlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá mi, 40 ìgbésẹ̀ rèé. 100 ẹsẹ̀ bàtà ni, kò lé, kò dín!"

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ga. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ná."

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé kò sí irinṣẹ́ tó ń rí bí ibì kan ṣe jìnnà tó. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń kà. Ìgbésẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀ ń kà, bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ kò dọ́gba: kúkúrú ni ti èyí, gígùn ni ti tọ̀hún. Ìdí rèé tí ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ tí Edmund Gunter gbé jáde n'Ílùú Ọba lọ́dún 1620 fi wúlò. 66 ẹsẹ̀ bàtà ni gígùn rẹ̀, ó pín sí 100, ìpín kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Kò mọ ẹni gíga, kò mọ ẹni kúkúrú.

Bàbá na téèpù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ó ń gbé e dúró kó tẹ́jú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní bí ilẹ̀ bá fi 20 ẹsẹ̀ bàtà rẹlẹ̀, 100 tí a wọ̀n lórí rẹ̀ kò ju bíi 98 lọ nínú pílánù, torí ibi títẹ́jú ni pílánù ń kà. 91 la bá. Owó 91 náà ni mo san.

Lónìí, ẹ̀rọ kékeré tó ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àkókò ni òun ń kà. Bí ẹ bá kígbe níwájú àpáta, bí àpáta bá ṣe jìnnà tó ni ohùn yín yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ náà á ka àkókò tó fi lọ àti èyí tó fi bọ̀, á sì pín ìrìn náà sí méjì. Bí aago inú rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìṣe, ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà ti lọ nìyẹn!

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé 100 ẹsẹ̀ bàtà rèé, kí owó tó kúrò lápò yín, ẹ bi í: ẹsẹ̀ ta ni?