Ọkọ Ni, Kì í Ṣe Ọkọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan fún yín.

Ìlú Dublin ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ní agbègbè Blanchardstown. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, òtútù mú gan-an. Ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti ọmọ mi obìnrin máa ń jókòó wo Death in Paradise lórí tẹlifíṣọ̀n. Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọdún 2011 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Nígbà tí à ń wò ó yìí, ọmọ Ireland ni ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀: Ardal O'Hanlon ló ṣe Jack Mooney. Tobi Bakare ló sì ṣe ọlọ́pàá tó ń jẹ́ JP. Nígbà tí ọmọ mi rí orúkọ yẹn, ó pariwo pé, "Dádì, orúkọ Yorùbá nìyẹn!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá wádìí ọ̀ràn. Ta ló pa á? Kí ló dé tó fi pa á? Níbo ló wà nígbà yẹn?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan kú nínú eré náà. Ọmọ mi nawọ́ sí ọkọ obìnrin náà, ó ní, "Ọkọ̀ ló pa á!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́tò wo? Ṣé mọ́tò wọ inú yàrá ni?" Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló sọ ọkọ di mọ́tò! Mo tún sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ọkàn mi bàjẹ́. Ìyá mi tó wà ní Ìbàdàn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ṣe máa sọ̀rọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé máàpù jáde, mo ń wá Saint Marie, erékùṣù inú eré náà. Mo wá a títí. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ṣàlàyé pé wọ́n kàn dá erékùṣù náà sílẹ̀ nínú eré ni. Ó fi Guadeloupe hàn mí, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya eré náà, ní ìlú Deshaies. Ó ní Harry, alángbá tó ń bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé, kì í ṣe alángbá gidi. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é.

Ojú tì mí. Mo ní, "Ọmọ mi, má bínú. Bí o ṣe kọ́ mi yìí ló yẹ kí n ti máa kọ́ ọ."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wo tẹlifíṣọ̀n títí, ó wá rọra sọ pé, "Dádì, ọkọ rẹ̀ ni, àbí?"

Ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Àmọ́ kì í ṣe ọkọ ló pa obìnrin náà! Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo Jack Mooney: ó máa ń fura sí ẹni tí kò jẹ̀bi kó tó mú ọ̀daràn. Kò sí ẹni tó ní kó panu mọ́. Nítorí náà, ẹ máa sọ Yorùbá yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ ti ṣì pè rí?