Ooru Inú Mọ́tò Ìjàpá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, bàbá mi ní mọ́tò Volkswagen kan, irú èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ìjàpá. Ọ̀pá kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hándìbíréèkì rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n nínú àwa ọmọ, ìgbájú ni. Ọ̀pá ooru ni wọ́n, ta ni yóò sì máa wá ooru kún ooru ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹta? Nígbà tó yá, mẹkáníìkì bàbá mi tú wáyà wọn dànù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀pá méjì yìí ṣì ń dúró dè mí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 2019, mo ra ìjàpá tèmi níhìn-ín, èyí tí wọ́n ṣe ní 1972. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe pé n kò rí mọ́tò tuntun rà. Ìrántí bàbá mi ni mo rà. Jámánì ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti 1978, ní Mẹ́síkò ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó kẹ́yìn ní 2003. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tọ́jú arúgbó. Láti oṣù karùn-ún 2018 pàápàá, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú mọ́tò tó ti lé ní ogójì ọdún, tí a kò yí padà púpọ̀, pé kó lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́. Ẹni tó ni í ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí òtútù dé, èémí wa bẹ̀rẹ̀ sí í bo gíláàsì iwájú bí ìkùukùu. Ìyàwó mi á máa fi aṣọ nù ún, èmi á máa wa mọ́tò. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń wakọ̀, n kò ríran. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, díẹ̀ ló kù kí n kọlu bàbá arúgbó kan tó ń sọdá títì. Ọjọ́ náà ni mo pinnu láti tún ooru yẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìjàpá kì í lo omi láti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Díẹ̀ nínú atẹ́gùn yìí a máa gba inú àpótí páànù méjì tó yí páìpù èéfín ká. Ibẹ̀ ló ti ń gbóná kó tó wá sọ́dọ̀ wa níwájú. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìdérí, wáyà gígùn kan tó gba abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò ló sì so ó mọ́ ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì náà. Bí a bá fa ọ̀pá sókè, ìdérí á ṣí.

Mo wọ abẹ́ mọ́tò. Wáyà ti dípẹtà, ó ti já, àwọn ìdérí sì ti lẹ̀ pa. Mo ra wáyà tuntun, mo fi gíríìsì pa á, mo tì í láti iwájú títí ó fi yọ lẹ́yìn, mo sì dè é. Sátidé kan gbáko ni. Nígbà tí mo fa ọ̀pá, ooru dé! Inú mi dùn bí ẹni tó he owó.

Lọ́jọ́ kejì, a ń lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ. Ọmọbìnrin mi ní, "Dádì, orí ń fọ́ mi." Mo ní ebi ló ń pa á. Kò pẹ́, ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ dúró. Mò ń gbóòórùn èéfín." Mo dúró, a ṣí gbogbo wíńdò, a sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo pe bàbá kan, ará Ìjẹ̀bú, tó ti tún mọ́tò ṣe ní Èkó kó tó wá síbí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́, ó sì ki ìka bọ ihò kan lára páìpù inú àpótí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ooru lò ń wá, o ò wo ibi tó ti ń bọ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo rò pé wáyà nìkan ló bàjẹ́ ni."

"Wáyà tó já yẹn ṣe yín lóore. Ìdérí tó lẹ̀ pa ni kò jẹ́ kí èéfín yìí wọlé bá yín tẹ́lẹ̀."

Ara mi bù máṣọ. A lè gbóòórùn èéfín mọ́tò, ṣùgbọ́n oró inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gba ipò atẹ́gùn tí a ń mí. Orí á kọ́kọ́ fọ́, òòyì á kọ́ni, oorun á sì dé. Ẹlòmíràn kì í jí mọ́.

A pààrọ̀ àpótí méjèèjì, mo sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo bí oró náà bá wà nítòsí. Lónìí ooru wà, gíláàsì mọ́, Alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ ọmọ mi, nítorí òun ló kọ́kọ́ rí ohun tí èmi bàbá rẹ̀ kò rí, mo sì pè é ní ebi.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun nínú mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ dúró ná.