Risíìtì tí bàbá onílé kò fẹ́ kọ: Owó orí ti wọ inú fóònù

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa owó orí, ẹ máa rí i pé akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rántí, àti bébà pélébé tó máa ń já fún èèyàn, àtàwọn akódà tó máa ń lé ọkùnrin wọgbó tí kò bá rí bébà ọ̀hún fi hàn. Orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà gbowó lé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é lówó orí. Ìyà ẹ̀ wà lára ohun tó bí Àgbẹ́kọ̀yà lọ́dún 1968 sí 1969, nígbà tí Tafa Adeoye àtàwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn fárí gá pé àwọn ò san iye tí ìjọba ń béèrè. Akódà ti lọ o. Owó orí ò lọ, inú fóònù ló kó lọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026, ni òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹfà, ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. FIRS tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di Nigeria Revenue Service. Àmọ́ téèlọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí àti onílé tó wà n'Ígèdè-Èkìtì ò ní í bá ti Àbújá ṣe, iléeṣẹ́ tó ń gbowó orí nípìnlẹ̀ Èkìtì, l'Ádó, ló ni wọ́n. NIN tí kálukú ti gbà ti di nọ́ńbà owó orí ẹ̀. Èèyàn á ṣírò ohun tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, á sì fi ránṣẹ́, ó pẹ́ tán, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta. Orí ẹ̀rọ ni ìjọba ń ti gbogbo ètò náà lọ.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù níbẹ̀ kọ́ ló yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù. Fóònù kọ́ ni wàhálà. Ìwé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ s'Ígèdè. Irú wọn ò wọ́n níbẹ̀. Adó ò jìnnà, ẹ ti ń kọjá Ìyìn lẹ ti dé, èèyàn lè máa gbé Ìgèdè kó máa lọ síbi iṣẹ́ l'Ádó lójoojúmọ́. Ká ní N5,000 ni yàrá kọ̀ọ̀kan lóṣù, N480,000 ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́dún. Ká ní ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà níwájú ilé mú N200,000 wá, àpapọ̀ ẹ̀ di N680,000. Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀, òfin ò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, N800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún èèyàn lọ́dún, ìjọba ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Bàbá ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ni o. Taiwo Oyedele, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó tún òfin owó orí ṣe, ti ṣàlàyé pé àti ẹni tówó ẹ̀ kéré náà gbọ́dọ̀ fi ìṣirò tiẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, N100,000 ni owó ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, N50,000 sì ni oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lè wá fọwọ́ ara ẹ̀ dá gbèsè sílẹ̀, torí pé kò sọ fún wọn pé òun ò jẹ gbèsè.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni ti risíìtì. Òfin tuntun yìí fún ayálégbé láǹfààní: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, tí kò bá ti ju N500,000 lọ, wọn ò ní í gba owó orí lé e lórí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó san gan-an. Ẹ wá wò ó, kí téèlọ̀ obìnrin kan tó háyà yàrá méjì nínú ilé bàbá yìí lọ bá a lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ risíìtì owó ilé tí mo san."

"Risíìtì kẹ̀? Ṣé mo ní o ò sanwó ni? Láti ọjọ́ tó o ti ń gbébí, ṣé mo bi ẹ́ lówó lẹ́ẹ̀mejì rí?"

"Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ fi ṣe ìṣirò owó orí mi ni."

"Á à! O fẹ́ gbé orúkọ mi lọ bá ìjọba nìyẹn?"

Ẹ̀rù bàbá yé èèyàn. Lójú tiẹ̀, ìwé tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ni wọ́n máa fi mú un. Kò rí i pé risíìtì wọ̀nyẹn, tó bá ní ẹ̀dà gbogbo wọn lọ́wọ́, ni ẹlẹ́rìí ẹ̀ pé N680,000 lòun gbà, kì í ṣe mílíọ̀nù méjì. Tí kò bá sí ìwé, òfin fún àwọn agbowó orí láyè láti fojú díwọ̀n ohun tó ń wọlé fún èèyàn, kí wọ́n sì bu owó lé e. Ta ni kò mọ bí ilé ṣe ń tóbi lójú ẹni tí kò gbé inú ẹ̀?

Ti téèlọ̀ yìí gan-an ló burú jù. Ká ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà (N3,000,000) wọlé fún un lọ́dún. Owó òwú, sípù, bọ́tìnnì, epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba N1,400,000 nínú ẹ̀. Èrè ẹ̀ jẹ́ N1,600,000. Ó san N120,000 fún bàbá, ìdá ogún ẹ̀ jẹ́ N24,000, ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ N800,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn. N776,000 ló kù, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa gbà níbẹ̀, ìyẹn N116,400. Tí kò bá wá ní ìwé kan lọ́wọ́ ńkọ́? Gbogbo owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí i wà nínú àkáǹtì, fóònù ti bá a kọ ọ́ sílẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Owó tó fi ra òwú l'Ọ́jà Ọba l'Ádó, ọwọ́ ló kà á fún wọn, kò sí risíìtì, kò sí ẹlẹ́rìí. Tí wọ́n bá fi mílíọ̀nù mẹ́ta ṣírò, N330,000 ni. Obìnrin kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, àfikún N213,600 nítorí ìwé àjákọ kan tí kò rà. Ẹ̀rọ ń rí owó tó wọlé, kì í rí èyí tó jáde lọ́wọ́.

Ìyẹn kọ́ làwọn èèyàn ń pariwo o. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri ni pé ìjọba fẹ́ máa wọ inú àkáǹtì wọn yọ owó. Òfin náà ò sọ pé kí ìjọba kàn máa ṣàdédé yọ owó nínú àkáǹtì èèyàn. N50 tí báńkì ń yọ téèyàn bá fi N10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀ ní tiẹ̀, kì í ṣe owó orí èrè. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó fowó ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó gbà á.

Àwọn òyìnbó gan-an ò rí i ṣe kíákíá. Ọdún 2015 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé orí kọ̀ǹpútà làwọn máa kó ọ̀rọ̀ owó orí sí, wọ́n sún un síwájú títí, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 2026, ló tó kan àwọn oníṣẹ́ ara-ẹni àtàwọn onílé. Èyí tí owó tó ń wọlé fún un ju £50,000 lọ lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ti £30,000 á tẹ̀ lé e lọ́dún 2027, ti £20,000 lọ́dún 2028. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi ìṣirò ránṣẹ́. Ọmọ Èkìtì tó bá ní ilé tó ń háyà fún èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tówó ẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀, kò lè sọ pé orí lòun ń kó o sí.

Ní tiwa níbí, ẹni tí kò mọ fóònù tẹ̀ yóò lọ bá ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ la ojú yín sí. Tí bàbá ò bá ní íméèlì, ó rọrùn fún ọmọ náà láti lo tara ẹ̀, kó fúnra ẹ̀ yan pásíwọ́ọ̀dù, kó kọ NIN bàbá sẹ́yìn ìwé kan. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ lọ̀rọ̀ owó orí bàbá wà, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tó bá kó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Owó iṣẹ́ ẹ̀ tọ́ sí i, kó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n íméèlì tí bàbá tàbí ọmọ tó bí nínú ara ẹ̀ lè ṣí ni kó lò, kó sì tẹ ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gba ìṣirò náà wọlé jáde fún un.

Tí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí NIN ẹ̀ bá tún jẹ́ ti ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó, ìyẹn ni pé kí bàbá tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti pe ọmọ náà sílẹ̀, kó dúró sítòsí fóònù, torí pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ máa já sí, kì í sì í pẹ́ kó tó kú.