Ẹni Tó Tọ́ Ọbẹ̀ Wò Ni Kó Sọ̀rọ̀

 

Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa eré kan tí mo wò nínú tẹlifísọ̀n. Ẹ má rò pé eré lásán ni. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yìn àti rìkíṣí ló wà nínú rẹ̀. Ó kan gbogbo ẹni tó bá ń da owó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Orúkọ eré náà ni Dae Jang Geum. Kòríà Gúúsù ni wọ́n ti ṣe é. Kòríà jìnnà sí wa púpọ̀. Ó wà ní apá ìlà-oòrùn ayé, nítòsí Ṣáínà àti Jàpáànù. Ilé-iṣẹ́ tẹlifísọ̀n tí wọ́n ń pè ní MBC ló gbé eré náà jáde ní ọdún 2003 sí 2004. Apá 54 ni gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò mi kan ló ní àwo rẹ̀. Èdè Kòríà ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ èdè Faransé sí ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ń kà á, tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Nàgó fún àwọn tó jókòó. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà máa ń sáré jù mí lọ nígbà míì. Wọ́n á ní, "Olùkọ́, ẹ dá a dúró ná, ẹ tún un kà!" Mo á dá a dúró, mo á tún un kà.

Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí ìdílé Joseon ń jọba ní Kòríà. Ìdílé náà jọba láti ọdún 1392 títí di ọdún 1910. Jungjong ni ọba tó wà lórí oyè ní ìgbà tí à ń sọ yìí. Ó jọba láti ọdún 1506 sí ọdún 1544. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jang-geum. Ó wọ ààfin ní kékeré, wọ́n sì fi í sí ilé ìdáná ọba. Ìyá Han ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyá Choi ni alátakò wọn.

Ẹ lè bi mí pé, "Kí ni rìkíṣí ń wá ní ilé ìdáná?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ojoojúmọ́ ni ààfin ń jẹun. Ẹja, ẹran, òróró àti oyin gbọ́dọ̀ wọlé lójoojúmọ́. Ta ló ń tà wọ́n fún ààfin? Choi Pan-sul ni, oníṣòwò ńlá kan. Ta sì ni Choi Pan-sul? Ẹ̀gbọ́n Ìyá Choi ni. Àwọn obìnrin ìdílé Choi ló ti ń jẹ oyè ọ̀gá ilé ìdáná láti ìran dé ìran. Ìdílé náà ń rà lọ́wọ́ ara wọn. Èrè tí wọ́n bá jẹ níbẹ̀, wọ́n á gbé apá kan fún ìjòyè ńlá kan tó ń jẹ́ Oh Gyeom-ho. Ìjòyè náà á sì dáàbò bo oyè tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà wa ní, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé ìdáná yẹn, bí ọ̀tún ṣe ń wẹ òsì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì ń dọ̀tí sí i.

Nígbà tí a dé ibí yìí, ìyá kan nínú kíláàsì wa, tó ń ta epo pupa, bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Olùkọ́, ta ló ń kọ ìwé ìṣirò wọn?" Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa.

Ohun kan wà nínú eré náà tí àwọn ará Kòríà fẹ́ràn púpọ̀. Jang-geum ṣì kéré. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ìyá Jung fún àwọn ọmọ ilé ìdáná ní oúnjẹ, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó mú un dùn. Àwọn yòókù dárúkọ nǹkan mìíràn. Jang-geum dárúkọ èso kan tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí tòmátò, tó sì máa ń dùn bí oyin. Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀. Ẹnu ya ọmọ náà. Ó ní èso náà ni òun tọ́ wò lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí òun fi sọ pé òun ni. Kò ní àlàyé mìíràn. Ó tọ́ ọ wò, ó sì sọ ohun tó tọ́ wò.

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ní ilé tí ìwà ìbàjẹ́ bá ti gbilẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó ti kan. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní ó dùn, nítorí ọ̀gá ló sè é.

Ìyá tó bí Jang-geum ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná kan náà rí. Ó rí ẹni tó ń fi ohun búburú sínú oúnjẹ ìyá àgbà ààfin. Kò dákẹ́. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un ní májèlé mu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Han, ló fi ẹ̀rọ̀ sí májèlé náà tí kò fi kú lọ́jọ́ yẹn. Ó sá lọ. Ó lọ́kọ, ó bímọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn Choi tún wá a kàn, wọ́n sì pa á.

Nígbà tó yá, Ìyá Han fúnra rẹ̀ di ọ̀gá ilé ìdáná. Idíje ni wọ́n fi yàn án, kì í ṣe ìdílé. Àwọn Choi kò lè fara dà á. Lọ́jọ́ kan, ọba jẹ pẹ́pẹ́yẹ, ara rẹ̀ kò sì yá. Wọ́n ní imí ọjọ́ wà lára pẹ́pẹ́yẹ náà, pé Ìyá Han àti Jang-geum ló fẹ́ pa ọba. Wọ́n so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìjòyè kan tí ọba ti ń bẹ̀rù, wọ́n ní ọ̀tẹ̀ ni. Wọ́n na àwọn obìnrin méjèèjì, wọ́n sọ wọ́n di ẹrú ìjọba, wọ́n sì ní kí wọ́n kó wọn lọ sí erékùṣù Jeju. Ìyá Han kú sọ́nà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a wo apá yìí, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń gbé àga wọlé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ òótọ́ àti ohun tó jẹ́ eré. Jang-geum gidi wà. Ìwé ìtàn àwọn ọba Joseon dárúkọ rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, pé oníṣègùn obìnrin ni, ó sì tọ́jú Ọba Jungjong. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó kù, àwọn tó kọ eré náà ló fi ọgbọ́n orí hun ún. Ṣùgbọ́n ìjòyè tí ọba ń bẹ̀rù yẹn, ènìyàn gidi ni. Jo Gwang-jo ni orúkọ rẹ̀.

Ohun tó ṣe rèé. Ní ọdún 1506, àwọn ìjòyè lé ọba búburú kan, Yeonsangun, kúrò lórí oyè, wọ́n sì fi Jungjong jọba. Wọ́n wá ṣe ìwé orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, láti fún wọn ní ilẹ̀ àti ẹrú. Orúkọ 117 ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ṣe nǹkan kan. Ojúlùmọ̀ àti ẹbí ni wọ́n. Ní ọdún 1519, Jo Gwang-jo ní kí wọ́n pa orúkọ irọ́ rẹ́. Wọ́n pa orúkọ 76 rẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi mú un. Wọ́n lé e kúrò nílùú, wọ́n sì fún un ní májèlé mu.

Àwọn ará Kòríà máa ń pa ìtàn kan nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi oyin kọ̀wé sára ewé igi nínú ọgbà ààfin. Kòkòrò jẹ ibi tí oyin wà, ihò náà sì di lẹ́tà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Jo ni yóò di ọba. Wọ́n gbé ewé náà fún ọba, ẹ̀rù bà á. Ẹ ò rí i pé ìwé lè pa ènìyàn? Ìwé lè gba ènìyàn là pẹ̀lú. Ó kù sí ẹni tó kọ ọ́, ó sì kù sí ẹni tó lè kà á.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè ìyá elépo. Ta ló ń kọ ìwé ìṣirò?

Ní ààfin Joseon, àwọn akọ̀wé ìtàn wà. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ gbogbo ohun tí ọba bá ṣe àti ohun tó bá sọ. Òfin ni pé ọba kò gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1404, Ọba Taejong jábọ́ lórí ẹṣin nígbà tó ń ṣọdẹ. Ojú tì í. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí akọ̀wé gbọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ pé ọba jábọ́, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọba ní kí òun má gbọ́! Nígbà tí a bá ti kọ ìwé ọba kan tán, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á sì fi pa mọ́ sí ìlú mẹ́rin. Ní ọdún 1592 ogun dé láti Jàpáànù. Ẹ̀dà mẹ́ta ṣègbé. Ẹ̀dà ìlú Jeonju nìkan ló kù. Ẹ̀dà kan yẹn ló jẹ́ kí a mọ ọ̀rọ̀ Jo Gwang-jo àti ti Jang-geum lónìí.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà Ṣáínà ni àwọn ìjòyè fi ń kọ̀wé, ó sì le láti kọ́. Àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà kò mọ̀ ọ́n. Ọba Sejong rí i pé àwọn mẹ̀kúnnù ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọn kò sì lè kọ ọ́. Ní ọdún 1443 ó ṣe lẹ́tà 28 fún wọn, ó sì fi í han gbogbo ìlú ní ọdún 1446. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bínú sí i. Nígbà tí Yeonsangun jọba, àwọn ènìyàn fi lẹ́tà náà kọ ìwà búburú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1504 ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ mọ́. Ẹ rí i báyìí? Aláṣẹ tó ń ṣe ibi kò bẹ̀rù ẹni tó ń sunkún tó bí ó ṣe bẹ̀rù ẹni tó ń kọ̀wé. Láti ọdún 1989 ni UNESCO ti dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní orúkọ Ọba Sejong fún àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkà. Iṣẹ́ wa yìí gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní abúlé kan tí mo ti kọ́ni, oníṣòwò kan máa ń wá ra àgbàdo lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Òun ló ń wọ̀n ọ́n, òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń kà á sí wọn létí. Ìyá méjì nínú kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìwé rẹ̀ ní kílò 620, ìwé tiwọn ní kílò 700. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní kó jọ̀wọ́ tún un wọ̀n. Ó di 700. Oníṣòwò náà bínú lọ, kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n bú? Àwọn ìyá méjèèjì ni! Wọ́n ní wọ́n ti lé oníbàárà lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe Ìyá Han nìyẹn.

Nínú eré náà, Jang-geum kọ́ ìṣègùn ní Jeju. Ó padà sí ààfin, ó tú àṣírí àwọn Choi, wọ́n sì dá iyì Ìyá Han padà fún un. Ó dùn mọ́ni láti wò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé ọdún púpọ̀ ló gbà, Ìyá Han kò sì jí dìde. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ òótọ́, ó rọrùn láti gbé e lọ sí erékùṣù. Ní abúlé tí mo sọ yẹn, kì í ṣe akọni kan ló parí ìjà náà. Àwọn ìyá mẹ́sàn-án mìíràn ló ra ìwé kíkọ, tí àwọn náà ń kọ iye kílò sílẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò mìíràn dé, ìwé mọ́kànlá ló bá lórí ìjókòó. Kò sí ẹni tó lè lé mọ́kànlá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa rà, kó máa tà, kó sì tún máa kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìṣirò jẹ́ méjì, kí wọ́n sì wà ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ti àwọn ará Joseon. Ẹ má ki ìka bọ inú tàdáwà lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà sí yín létí. Bí ẹlẹ́gbẹ́ yín kan bá sì ní nọ́ńbà kò pé, ẹ má bú u. Ẹ ṣí ìwé tiyín, kí ẹ jọ kà á.

Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò ni kó sọ̀rọ̀. Àwa yòókù, ẹ jẹ́ ká mú ṣíbí wá.