Igi Ọ̀dán Ní Ojú Ọjà

Àwọn baba ńlá wa kì í sáábà dá ọjà sílẹ̀ láìgbin igi sí i. Ọ̀dán ni wọ́n fẹ́ràn jù. Níwájú ààfin, níbi tí ọjà ọba máa ń wà, bí irú ti Àkúrẹ́, abẹ́ ọ̀dán ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí aáwọ̀, ibẹ̀ náà ni àlejò ti ń sinmi kí a tó mú un wọlé lọ kí ọba. Akòko kì í jìnnà síbẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ ni a fi ń jẹ ọba. Igi ojú ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán nígbà náà. Ara ìjọba ni.

Ọ̀rọ̀ Tré wa ni mo ń bá bọ̀. Ẹwà ni òkè 41 tí a fi ń ki Dassa-Zoumè, ṣùgbọ́n ooru tí òkúta bá gbà lọ́sàn-án, òru ni ó ń tú u jáde. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹni tí ó wá ra gààrí yóò sáré rà á, yóò sì sáré lọ. Ibi tí ibòòji bá wà ni oníbàárà ti ń jókòó ti àtẹ, tí yóò tún fi rántí pé iyọ̀ ti tán nílé. Ẹ wo tòmátì àti ẹ̀fọ́ tí ó ń rọ lójú oòrùn kí ọjà tó tú: owó ìyá wa ni ó ń rọ yẹn.

Láti ọdún 1985 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ya ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Àkókò náà dára, òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, ewúrẹ́ a sì ti dé ṣáájú rẹ̀. Ta ni yóò bomi rin igi tí gbogbo ìlú gbìn?

Freetown, níbi tí àwọn Àkú tí í ṣe ìran Yorùbá ń gbé, ti dáhùn ìbéèrè yìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi káàkiri ìlú wọn ní ọdún 2020, wọ́n ń sanwó fún àwọn ará àdúgbò láti tọ́jú wọn, wọ́n sì ń fi fóònù ṣọ́ igi kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń dàgbà. Àwa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ní ni àtẹ. Kí a fi igi kọ̀ọ̀kan lé ẹni tí àtẹ rẹ̀ kọjú sí i lọ́wọ́, kí ibòòji rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ níṣojú àwọn àgbà.

Irú igi wo? Tíìkì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tí a nílò ibòòji ni ó ń wọ́wé. Máńgòrò dára nínú àgbàlá. Lójú ọjà, òkò àwọn ọmọdé kò ní jẹ́ kí páànù ẹnikẹ́ni sinmi. Dóńgóyárò fara da ọ̀dá, ó sì ń tètè dàgbà, n kò bá a jà. Síbẹ̀ ọ̀dán ni mo dìbò fún. A kì í wá irúgbìn rẹ̀ kiri: ẹ̀ka tí ó ga tó ènìyàn ni a ó gé, a ó rì í mọ́lẹ̀ bí òpó ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò sì ta gbòǹgbò. Ẹnu ewúrẹ́ kò ní tó ewé rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé gbòǹgbò rẹ̀ lè la ògiri, nítorí náà kí a gbìn ín jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi, kí oṣù kẹfà tó dé, mo rọ̀ yín kí a rán ènìyàn sí mairie, nítorí ìjọba ni ó ni títì. Kí a sì rán àwọn àgbà sí ààfin pẹ̀lú obì, kí a tó gbẹ́ ihò kan lójú ọjà.