Ohun Tí Ọdẹ Fi Ń Ki Ìbọn

Àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí léèrè nípa ìbọn mi: èló ni mo rà á, níbo ni mo ti rà á, ṣé ọta rẹ̀ ń rìn jìnnà. Kò sí ẹni tó ti bi mí rí nípa ohun tí mo fi ń ki ìbọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọdẹ fi ń ki ìbọn ti yí iṣẹ́ wa padà ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọdẹ kò bá sì mọ̀ ọ́n yàn, ó lè má dàgbà nídìí iṣẹ́ náà.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ìgàndò, ọmọ Àwórì ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ló gba ilẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa lọ sí apá Ìjẹ̀gùn. Ọ̀yà ń jẹko, òkété ń gbẹ́lẹ̀, àparò ń fò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹtu náà sì wà fún ẹni tó bá lè rìn. Ṣakabùlà ni gbogbo àwọn ọdẹ ilé wa ń lò nígbà náà.

Kíki ṣakabùlà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ẹ̀tù ni ọdẹ kọ́kọ́ ń dà sẹ́nu ìbọn. Àkísà yóò tẹ̀lé e, ọ̀pá yóò sì tì í wọlé títí yóò fi le mọ́ ìdí. Lẹ́yìn náà ni ọta òjé yóò wọlé, àkísà mìíràn yóò wá dè é mọ́lẹ̀ kí ọta má baà dà nù bí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò. Ẹran tó bá yè bọ́ lọ́wọ́ ọta àkọ́kọ́ kì í dúró de gbogbo ètò yìí. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ àtijọ́ fi máa ń fara balẹ̀ kó tó yìn ín: ọta kan ṣoṣo ló ní.

Ohun mẹ́ta ni bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn: àdó ẹ̀tù rẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀, àti ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ọdẹ mìíràn ń fi ìdérí agolo wọn ẹ̀tù, bàbá mi kò gbà. Ìwo ẹtu tó gé, tó sì fá nínú títí ó fi dán, ni òun ń lò. Ó ní irin lè ta iná bí ó bá kan irin, ìwo kì í ta iná. Igi ń mu omi, ìwo kì í mu ún. Ẹ̀kún ìwo kan ni ẹ̀tù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀tù tó bá pọ̀ jù lè fa ìbọn ya mọ́ ọdẹ lójú, èyí tó bá sì kéré jù yóò kàn ṣe ẹran léṣe ni, ẹran á lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Ọ̀pá rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Igi àtòrì tó gbẹ dáadáa ni, kì í ṣe irin, nítorí kò fẹ́ kí irin máa ha irin níbi tí ẹ̀tù wà. Ó fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì yí i ká. Bí ìbọn bá ṣófo, ọ̀pá yóò wọlé títí ìlà òkè yóò fi bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí ẹ̀tù àti ọta bá wà nínú rẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀ ni yóò dúró síbẹ̀. Àtàǹpàkò nìkan ló nílò láti mọ̀ bóyá ìbọn kún tàbí ó ṣófo.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àtàǹpàkò, tí kì í ṣe ojú? Àtùpà kábáìdì ni ọdẹ òru ń dè mọ́ iwájú orí láyé ọjọ́un. Omi ń kán sórí kábáìdì, afẹ́fẹ́ tó ń tinú rẹ̀ jáde ló ń jó, iná gidi sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ da ẹ̀tù gbọ́dọ̀ pa àtùpà náà ná. Nínú òkùnkùn birimùbirimù ni iṣẹ́ tó léwu jù lọ ti ń wáyé, ọwọ́ sì ni ojú ọdẹ níbẹ̀. Irin kékeré kan tún wà tí alágbẹ̀dẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ fún un, tó ń wọ orí ọ̀pá náà. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, tàbí tí ilẹ̀ mọ́ láìrí ẹran, ó ń fi í fa àkísà jáde, yóò sì da ọta àti ẹ̀tù padà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ kò ní irú irin bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ìbọn tó kún kọ́ sára ògiri títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, lójú àwọn ọmọdé.

Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́ pé bí a ṣe ń ki ìbọn lè yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn gbé ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu lọ sójú ogun láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn Snider, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní 1866. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki ìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti ẹnu kò ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń ti àkísà wọ ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ nàró. Ẹni tó ń ki ìbọn láti ẹ̀yìn lè dùbúlẹ̀ ṣe é. Ìbàdàn pọ̀, wọ́n sì gbóyà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ogun náà ṣẹ́. Ibùdó ogun yẹn ni Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ní 1885.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels láti fòpin sí òwò ẹrú. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn àtijọ́ tó ń fi òkúta ta iná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n yọ sílẹ̀. Lára ohun tó fà á nìyẹn tí ọkọ̀ òfurufú fi ń balẹ̀ ní Ìkẹjà tí bàbá mi ṣì ń da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà pàápàá, nígbà tí wọ́n dìde nítorí owó orí ní 1968 àti 1969, ṣakabùlà ló wà léjìká ọ̀pọ̀ wọn.

Òfin ìbọn ti 1959, tó ṣì ń darí wa títí dòní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ìpín kẹta, ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìbọn kátíríìjì tí kì í dá ki ara rẹ̀ wà nínú ìpín kejì, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà. Ìpín kìíní ni àwọn èèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ẹni tó bá ní irú wọn láìsí àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè ti rú òfin.

Ìpín kejì ni tèmi bọ́ sí. Ẹlẹ́nu kan tó ń ṣẹ́ láàárín ni mo rà, kátíríìjì kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀tù, àkísà àti ọta ti wà nínú páálí kan náà, wíwọn ẹ̀tù ti di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Inú mi dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Àmọ́ kátíríìjì onípáálí ní àléébù tirẹ̀: bí òjò bá mú un, ó máa ń wú, bí a bá sì yìn ín tán, kò ní fẹ́ jáde mọ́. Ọ̀pá àtòrì bàbá mi ni mo padà sí. Mo ń kì í bọ ẹnu ìbọn láti fi ti páálí tó há jáde sẹ́yìn. Nígbà tó yá, kátíríìjì oníke, tí ilé-iṣẹ́ Remington kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, gba ọjà lọ́wọ́ onípáálí, ìyọnu yẹn sì dínkù.

Ibi tí a ó kó kátíríìjì sí ló wá kù. Àwọn kan ń rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ọwọ́ wọn yóò sì máa wá a káàkiri nínú òkùnkùn. Àwọn kan ń lo bẹ́líìtì aláwọ, ó wuyì, ṣùgbọ́n awọ ń fa omi mọ́ra, idẹ ìdí kátíríìjì a sì dípẹtà aláwọ̀ ewé, bí ó bá dípẹtà tán, yóò há. Bẹ́líìtì aláṣọ líle ni mo yàn. Ọta ńláńlá ti ẹtu wà lápá òsì, ọta wẹ́wẹ́ ti àparò wà lápá ọ̀tún, àyè tó ṣófo sì ń sọ fún àtàǹpàkò iye tí mo ti yìn. Àyè tó ṣófo yẹn ni ìlà bàbá mi nínú iṣẹ́ tèmi.

Ọ̀rọ̀ kíki ìbọn yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwa ọdẹ nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Houston, ó ń díje níbi ìdárayá ìbọn yíyìn. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Bàbá Ọdẹ, ẹ bá mi wo èyí tó yẹ kí n rà nínú àwọn irinṣẹ́ yìí.” Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní revolver ló ń lò, ọta rẹ̀ ń yí po nínú àgbá kékeré kan. Irú tirẹ̀ ní àwo irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní moon clip, tó ń di kátíríìjì mẹ́fà mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ogun ló bí i. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, písítù àwọn ọmọ ogun wọn kò tó. Ilé-iṣẹ́ Colt àti Smith & Wesson wá ṣe revolver tó ń gba ọta písítù, ṣùgbọ́n ìdí ọta náà kò ní etí tí ìbọn lè fi tì í jáde. Wọ́n fi àwo tó rí bí ìlàjì òṣùpá di ọta mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀. Àwo méjì kún ìbọn kan. Òṣùpá kíkún tẹ̀lé e nígbà tó yá. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni Jerry Miculek, ayìnbọn kan ní Amẹ́ríkà, lò ní 1999, nígbà tó yin ọta mẹ́fà, tó tún ìbọn kì, tó sì yin mẹ́fà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.99.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé títi ọta mọ́ àwo náà ń dun ìka, yíyọ idẹ ọta tó ti jó kúrò nínú rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ tó rí bí ẹmú wà, èyí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan wà, bẹ́ẹ̀ ni páìpù kékeré tí a gé ẹnu rẹ̀ wà, tí a ń fi bọ idẹ náà lórí, tí a ó sì lọ́ ọ. Ìkíní àti ìkejì tó ń yára ni ọmọ náà ń wò.

Mo ní kó kọ́kọ́ ra páìpù náà. Àwo yẹn fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi ipá fa idẹ ọta jáde yóò tẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì ti tẹ̀ díẹ̀, àgbá kò ní yí geere mọ́. Kí ló wá fi yíyára ṣe, bí ìbọn bá há lọ́wọ́ rẹ̀? Lẹ́yìn páìpù, mo ní kó ra èyí tó ń ti ọta wọlé lọ́gbọọgba láìfi ẹ̀gbẹ́ kan nira ju èkejì lọ, kó máa fi àwo kọ̀ọ̀kan sínú ìbọn tó ṣófo ná kó lè mọ̀ bóyá ó tẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá, ṣé ẹ ti lò ó rí ni?” Mo ní rárá o, èèwọ̀ ni ìbọn yẹn níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkì àti títú kò yàtọ̀ láàárín Houston àti Ìgàndò.

Ilẹ̀ tí mo ti ń dọdẹ ti di ilé. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Èkó. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, ibi tí ẹtu ń sá sí ti di ojúlé àti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ wa ti di ọlọ́dẹ àdúgbò, àwọn lánlọ́ọ̀dù ló ń san owó wa lóṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ Neighbourhood Safety Corps tí ìjọba Èkó fi òfin dá sílẹ̀ ní 2016 kì í gbé ìbọn rárá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú igbó, ìbọn tó bá ṣèèṣì dún lè má kan ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò tí ògiri kan pín ìdílé mẹ́rin, kò sí ibi tí a lè kọ ẹnu ìbọn sí tí ènìyàn kò sí. Àwọn àgbà ní, “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní í jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun?”

Nítorí náà, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní géètì, oníkátíríìjì yóò ṣẹ́ ìbọn rẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìka wọ inú rẹ̀. Oníṣakabùlà yóò ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn kí a rí ìlà. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa gbọ́dọ̀ lè tú ìbọn rẹ̀ ní dídi ojú. Títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe, fèrè àti tọ́ọ̀sì ni yóò máa fi ṣọ́ àdúgbò.